Àlàyé lórí Ìràwọ̀ Aldebaran: Bí Ó Ti Tóbi Tó, Bí Ó Ti Wúwo Tó, Bí Ó Ti Gbóná Tó

Ní Tchatchou, ní agbègbè Tchaourou, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ sì ń súnmọ́ etílé, ìràwọ̀ pupa kan a máa yọ ní ìlà-oòrùn ní àṣálẹ́. Ní òpin oṣù kọkànlá, kò pẹ́ tí oòrùn bá wọ̀ tí ó fi ń yọ. Nígbà tí yóò bá fi di agogo mẹ́jọ alẹ́, ó ti gòkè tó kí àwọn tí wọ́n ń bọ̀ wá sí kíláàsì alẹ́ rí i lókè orí igi. Aldebaran ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó wà lára ìràwọ̀ 15 tí wọ́n mọ́lẹ̀ jù lọ lójú ọ̀run ní alẹ́. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi èdè Faransé kọ ń pe irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní étoile géante. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá-Nàgó ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yóò sọ pé «ìràwọ̀ òmìrán» ni.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rù pọ̀. Nínú àlọ́, òmìrán ga, ó sanra, ó wúwo, ó lágbára, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ «òmìrán pupa» lè gba ohun mẹ́rin gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: pé ìràwọ̀ náà tóbi ju oòrùn lọ, pé ó wúwo jù ú lọ gidigidi, pé ó gbóná jù ú lọ nítorí pé ó pọ́n bí ẹyin iná, àti pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti oòrùn lọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì péré ni òtítọ́. Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ti wọ̀n lára Aldebaran, àti bí olùkọ́ ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú èdè sọ ọ́ láìdàrú.

1. Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀

Tchatchou wà lójú ọ̀nà ńlá tí ó ti Cotonou lọ sí Parakou, ní ìpínlẹ̀ Borgou. Àwọn Bàrìbá, Nàgó àti Fúlàní ni wọ́n jọ ń gbé agbègbè náà. Ìlú náà wà ní nǹkan bí dígírì 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ipa ọ̀nà tí Aldebaran ń tọ̀ lójú ọ̀run wà ní nǹkan bí dígírì 16 àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà náà. Nítorí èyí, nígbà tí ìràwọ̀ náà bá dé òkè téńté ní Tchatchou, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀gangan àtàrí ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀. Ó kàn yẹ̀ díẹ̀ sí ìhà àríwá ni. Ní òpin oṣù kọkànlá, nǹkan bí agogo kan òru ni ó ń dé ibẹ̀. Ní àárín oṣù kìíní, nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ ni. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti ń rí i ní àṣálẹ́. Nígbà tí oṣù karùn-ún bá ń parí lọ, oòrùn ti dé ìhà ibi tí ó wà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a sì bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù kẹfà tó tán, ó ti tún ń yọ ní ìlà-oòrùn ní ìdájí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a mọ̀, kí ó kọ́kọ́ wá àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà kan tí kò wọ́. Bí ó bá fi ojú tọ ìlà náà lọ sí ìhà àríwá òun ìwọ̀-oòrùn, ìràwọ̀ pupa tí yóò bá pàdé ni Aldebaran. Bí ó bá tún tẹ̀ síwájú díẹ̀, yóò rí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké bíi mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n ṣùjọ bí òròmọdìyẹ. Orúkọ tí àwọn Haúsá fún wọn túmọ̀ sí adìyẹ olómọ, àwọn ìwé Faransé sì ń pè wọ́n ní Pléiades. Ìràwọ̀ pupa mìíràn wà nítòsí àwọn mẹ́ta tí wọ́n tò nì, ní ìhà kejì, ṣùgbọ́n Aldebaran ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀ yọ. Mars náà pọ́n, ṣùgbọ́n Mars kì í dúró sí ipò kan náà láàárín àwọn ìràwọ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni ó ń ṣípò padà.

Eruku ọyẹ́ a máa sọ gbogbo ìràwọ̀ tí ó bá wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run di pupa. Nítorí náà, kí olùkọ́ dúró títí Aldebaran yóò fi gòkè kí ó tó sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dé òkè téńté tí ó sì ṣì pọ́n, kì í ṣe eruku ni ó fa á. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni.

Àgbájọ ìràwọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Akọ Màlúù. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àgbájọ 12 tí àwọn ará àtijọ́ fi sàmì sí ojú ọ̀nà tí oòrùn ń gbà kọjá láàárín àwọn ìràwọ̀ lọ́dọọdún. Ojú akọ màlúù náà ni wọ́n sọ pé Aldebaran jẹ́. Òṣùpá pẹ̀lú ń rìn nítòsí ojú ọ̀nà kan náà, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún kan òṣùpá a máa kọjá níwájú Aldebaran, a sì bò ó. Èyí wúlò fún àwọn onímọ̀, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn níwájú.

2. Ọ̀nà jíjìn rẹ̀, àti ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀

Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ Aldebaran ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «ẹni tí ń tọ̀ lẹ́yìn», nítorí pé nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ṣùjọ nì bá yọ ni òun náà ń yọ, tí ó sì ń tẹ̀lé wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìràwọ̀ mìíràn wà tí wọ́n yí i ká gan-an, tí wọ́n tò bí lẹ́tà V. Hyades ni orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rò pé ará ilé kan ni gbogbo wọn, àti pé Aldebaran ni baálé. Kí ènìyàn tó lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìnnà tó.

Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300 000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ojú oòrùn dé ayé, ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ ni ó ń gbà á. Láti Aldebaran dé ayé, nǹkan bí ọdún 65 ni ó ń gbà á. Iye ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan gbáko ni wọ́n ń pè ní «ọdún ìmọ́lẹ̀». Ó tó 9 500 000 000 000 kìlómítà. Ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ yìí kì í ṣe ti àkókò bí kò ṣe ti ọ̀nà jíjìn. Kò yẹ kí ó ṣòro fún àgbàlagbà láti lóye, nítorí pé ará oko náà a máa sọ pé «ìrìn ọjọ́ kan» ni abúlé kan sí èkejì. Ìmọ́lẹ̀ Aldebaran tí ó ń wọ ojú àwọn ará Tchatchou ní àwọn ọdún tí ó wà lóde yìí kúrò lára ìràwọ̀ náà ní nǹkan bí àkókò tí Dahomey gba òmìnira, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn jíjìn yìí ṣeé fi hàn nínú kíláàsì. Bí ènìyàn bá na àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú, tí ó fi ojú ọ̀tún nìkan wò ó, tí ó sì tún fi ojú òsì nìkan wò ó, àtàǹpàkò náà yóò dàbí ẹni pé ó sún nípò. Bí ó bá fà á súnmọ́ ojú, sísún náà a pọ̀ sí i. Bí ó bá tì í jìnnà, a dín kù. Ayé ń yí oòrùn po. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan oòrùn dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi méjèèjì sì fi nǹkan bí 300 mílíọ̀nù kìlómítà jìnnà sí ara wọn. Ibi méjì yìí ni ó dúró fún ojú ọ̀tún àti ojú òsì. Hipparcos, ẹ̀rọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní 1989, wọn sísún yìí fún ìràwọ̀ tí iye wọn ju 100 000 lọ. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997, Aldebaran sì wà lára wọn.

Èsì náà fi hàn gbangba pé nígbà tí Aldebaran wà ní ọdún ìmọ́lẹ̀ 65, Hyades wà ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 150. Kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ju pé ìhà kan náà ni ojú ń bá wọn nígbà tí ènìyàn bá ń wò láti ayé. Aldebaran wà ní ìdajì ọ̀nà, ó sì ń rìn ìrìn tirẹ̀. Ní 1718, Edmond Halley, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ipò Aldebaran àti ti ìràwọ̀ díẹ̀ mìíràn wé ipò tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti kọ sílẹ̀ fún wọn, ó sì rí i pé wọ́n ti ṣípò. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní aláìsún ń sún. Lónìí, wọ́n mọ̀ pé Aldebaran ń jìnnà sí oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà 54 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Yorùbá ti ní òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu pátápátá: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Olùkọ́ tí ó bá fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kò ní wàhálà púpọ̀ láti fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí ojú so pọ̀ lè má so pọ̀.

3. Àwọ̀ rẹ̀ àti ìgbóná rẹ̀

«Pupa» nínú èdè Yorùbá gbòòrò. Ó kó àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ epo àti àwọ̀ osùn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Bí olùkọ́ bá fẹ́ ṣe é ní pàtó, àwọ̀ Aldebaran súnmọ́ ti epo pupa ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ìtumọ̀ àwọ̀ náà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ohun tí ó bá pọ́n bí iná ni wọ́n gbà pé ó gbóná jù. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti irin bọ iná tí wọ́n sì ń fẹ́ ẹwìrì, irin náà a kọ́kọ́ pọ́n ní pípọ́n tí ó ṣókùnkùn. Bí ooru ti ń pọ̀ sí i, a dàbí epo. Lẹ́yìn náà a máa mọ́ sí i, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Pupa ni ìbẹ̀rẹ̀ ìgbóná. Funfun ni ìgbóná tí ó jinlẹ̀. Òfin kan náà ni ó wà fún ìràwọ̀. Ojú oòrùn gbóná tó nǹkan bí dígírì 5 500. Ojú Aldebaran kò ju nǹkan bí dígírì 3 600 lọ. Ìràwọ̀ pupa yìí tutù ju oòrùn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbóná rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìgbóná tí irin fi ń yọ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ má sọ pé «ó tutù» lásán; kí ó sọ pé «kò gbóná tó oòrùn».

Láti inú ìmọ́lẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti mọ ohun tí ó wà nínú ìràwọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, a tú sí oríṣiríṣi àwọ̀ bí òṣùmàrè. Láàárín àwọn àwọ̀ náà ni àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín wà, ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ayé sì ní àwọn ìlà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní ilà ojú tirẹ̀. Ní 1864, William Huggins àti William Allen Miller ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì iṣẹ́ wọn lórí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ kan jáde. Nínú ti Aldebaran, wọ́n rí ìlà irin, wọ́n sì rí ìlà sódíọ́ọ̀mù, èyí tí ó jẹ́ ara ohun tí iyọ̀ ọbẹ̀ fi ṣe. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù wà nínú ìràwọ̀ náà, ṣùgbọ́n gbígbóná ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun tí ó rí bí afẹ́fẹ́.

4. Títóbi rẹ̀

Nínú gíláàsì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ìràwọ̀ kò ju ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan lọ. Kò rọrùn láti wọn ìbú ohun tí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ìbú Aldebaran ti hàn tó láti ayé kò ju bí ẹni tí ó dúró ní Tchatchou ìbá ti rí kóró òrí kan tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Cotonou, ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí i.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi borí ìṣòro yìí. Èkíní ni òṣùpá. Nígbà tí òṣùpá bá ń bo Aldebaran, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà kì í kú lójijì bí ìgbà tí ènìyàn pa àtùpà. Ó ń dín kù fún nǹkan bí ìdá 4 nínú ìdá 100 ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé òṣùpá gbọ́dọ̀ kọjá láti etí kan ìràwọ̀ náà dé etí kejì. Ẹ̀rọ tí ó yára lè wọn àkókò kékeré yìí, ìṣirò a sì sọ ìbú rẹ̀. Láàárín 2015 àti 2018, òṣùpá bo Aldebaran ní oṣooṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibi kan náà láyé ni wọ́n ti ń rí i. Ọ̀nà kejì ni pé wọ́n ń pa ìmọ́lẹ̀ tí gíláàsì ńlá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbà pọ̀, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí gíláàsì kan tí ó fẹ̀ tó ààyè tí ó wà láàárín wọn.

Ohun tí ọ̀nà méjèèjì fi hàn bá ara wọn mu: ìbú Aldebaran tó nǹkan bí ìlọ́po 45 ìbú oòrùn. Ìbú oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 400 000 kìlómítà; ti Aldebaran ju 60 mílíọ̀nù kìlómítà lọ. Bí wọ́n bá gbé Aldebaran sí ipò oòrùn, ojú rẹ̀ yóò kọjá ìdajì ọ̀nà tí ó lọ sí Mercure, ìyẹn plánẹ́ẹ̀tì tí ó súnmọ́ oòrùn jù lọ.

Níbí ni ẹ̀kọ́ ìṣirò ti wúlò. Bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko kan bá gùn ní ìlọ́po 2 ti oko kejì, ìlọ́po 4 ni ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí kan bá gùn ní ìlọ́po 2 ti èkejì, ìlọ́po 8 ni àgbàdo tí yóò gbà. Bákan náà ni fún Aldebaran: ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 45, ojú rẹ̀ jẹ́ 45 lọ́nà 45, ìyẹn ìlọ́po 2 025, ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 45 lọ́nà 45 lọ́nà 45, ìyẹn ìlọ́po 91 125. Ẹni tí ó bá sọ pé «ó tóbi ju oòrùn lọ ní ìlọ́po báyìí», kí ó sọ èwo nínú mẹ́ta yìí ni ó ń wí.

5. Ìwúwo rẹ̀

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ààyè inú Aldebaran lè gba oòrùn 90 000 yóò retí pé kí ó wúwo tó oòrùn 90 000. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ohun tí ó wà nínú oòrùn bá jẹ́ àpò 10, ti Aldebaran kò ju àpò 11 tàbí 12 lọ.

Agbẹ̀ tí ó ń gbin òwú mọ irú nǹkan yìí. Òwú tí wọ́n kì mọ́ inú àpò, bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ tí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n, yóò kún yàrá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n, kò fi ohunkóhun wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aldebaran jẹ́ òwú tí wọ́n gbọ̀n. Bí wọ́n bá pín ohun inú rẹ̀ káàkiri dọ́gba, yóò fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú lọ ní ohun tí ó ju ìlọ́po 50. Ṣùgbọ́n kò pín dọ́gba: àárín gbùngbùn rẹ̀ kéré, ó sì ki gidigidi, òde rẹ̀ ni ó fẹ̀ tí ó sì fúyẹ́.

6. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé Aldebaran kò gbóná tó oòrùn, báwo ni ó ṣe mọ́lẹ̀ jù ú lọ? Ìṣirò tí ó wà lókè dáhùn. Bí wọ́n bá mú ègé kan lára ojú oòrùn àti ègé kan tí ó bá a dọ́gba lára ojú Aldebaran, ègé ti Aldebaran yóò mú nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 5 agbára tí ègé ti oòrùn ń mú jáde. Ṣùgbọ́n Aldebaran ní ègé 2 025 níbi tí oòrùn ti ní ẹyọ kan. Bí wọ́n bá pín 2 025 sí ọ̀nà 5, èsì rẹ̀ ju 400 lọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ rí i: agbára tí Aldebaran ń tú jáde, èyí tí ojú rí àti èyí tí kò rí tí ó jẹ́ ooru, ju ti oòrùn lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po 400.

Ẹyin iná pupa tí wọ́n tẹ́ kún gbogbo àgbàlá lè ya ènìyàn lára ju ẹyọ irin funfun kan tí ó wà lórí owú alágbẹ̀dẹ lọ. Kì í ṣe nítorí pé ẹyin iná gbóná ju irin náà lọ. Nítorí pé ó pọ̀ ni.

7. Ohun tí ó mú kí ó wú

Háídírójìn ni ó pọ̀ jù lọ nínú oòrùn àti nínú àwọn ìràwọ̀. Ní àárín gbùngbùn oòrùn, ooru àti ìfúnpọ̀ ń sọ háídírójìn di hílíọ́ọ̀mù, agbára tí ó ń ti ibẹ̀ jáde sì ni ìmọ́lẹ̀ tí ayé ń gbà. Èyí kì í ṣe iná igi, nítorí pé kò nílò afẹ́fẹ́ kí ó tó jó. Síbẹ̀, ó ní ohun tí ó ń jẹ, ohun náà sì lè tán.

Ní àárín Aldebaran, ó ti tán. Hílíọ́ọ̀mù ni ó ṣẹ́kù síbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì ń fún un pọ̀ sí i. Yíká hílíọ́ọ̀mù yìí, nínú ìpele tín-ín-rín kan, háídírójìn ṣì ń yí padà, ó sì ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbára tí ó ń jáde níbẹ̀ ń ti òde ìràwọ̀ náà síwájú, ó sì ń wú. Bí ó ti ń wú ni ojú rẹ̀ ń fẹ̀, tí ègé kọ̀ọ̀kan sì ń tutù. Ìdí nìyí tí ó fi pọ́n.

Nítorí pé ohun inú Aldebaran fi díẹ̀ ju ti oòrùn lọ ni, ó ń fi ọjọ́ iwájú oòrùn hàn. Ní nǹkan bí 5 000 mílíọ̀nù ọdún sí àkókò yìí, háídírójìn àárín oòrùn náà yóò tán, oòrùn yóò wú, yóò sì pọ́n. Aldebaran kì í ṣe ẹ̀yà mìíràn tí ó yàtọ̀ sí oòrùn; àgbà rẹ̀ ni, tí ó ti dé ibi tí oòrùn ń lọ.

8. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún kíláàsì

Kò sí ohun kan nínú àlàyé yìí tí ó béèrè ọ̀rọ̀ àyálò púpọ̀. Tóbi, wúwo, gbóná, mọ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ láti kékeré ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, wọ́n sábà máa ń bá ara wọn rìn: òkúta tí ó tóbi a wúwo, iná tí ó mọ́lẹ̀ a gbóná. Lára ìràwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá rìn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó sì máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dé òpin. Bí «tóbi» bá jẹ́ ti ìbú ní ìlà kìíní, kí ó má di ti ìwúwo ní ìlà kẹwàá.

Fún étoile géante, ó sàn kí wọ́n sọ pé «ìràwọ̀ tí ó wú» ju «ìràwọ̀ òmìrán» lọ. Wú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ ìràwọ̀ náà mu. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò kalẹ̀ ní alẹ́ a wú kí ilẹ̀ tó mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìyẹ̀fun kún un. Ẹni tí ó bá gbọ́ «wú» yóò ti mọ̀ pé ohun náà ti kéré rí, pé ohun kan nínú rẹ̀ ni ó ń tì í, àti pé bí ó ti fẹ̀ tó kọ́ ni ó wúwo tó. Ẹni tí ó bá gbọ́ «òmìrán» kò ní mọ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kọ́ náà lè lọ báyìí ní alẹ́ kan láàárín oṣù kejìlá àti oṣù kejì. Kí olùkọ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, kí wọ́n wá Aldebaran lójú ọ̀run. Kí wọ́n padà wọlé, kí ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, kí ó sì béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, nínú oòrùn àti Aldebaran, èwo ni ó jù? Kí ó kọ ìdáhùn tí wọ́n bá fún un sílẹ̀ láìtún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ó mú irin alágbẹ̀dẹ wọ inú ọ̀rọ̀, kí ó mú òwú, kí ó mú oko tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po 2, kí wọ́n sì jọ padà sí ìdáhùn wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí yóò kù lójú pátákó nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí ni pé Aldebaran tóbi ju oòrùn lọ púpọ̀púpọ̀, ó fi díẹ̀ wúwo jù ú lọ, kò gbóná tó o, ó sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 400. Gbólóhùn kan ni, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó sì gbé e ró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè kà á, tí ó sì lè sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti ka ìwé, ó sì ti ka ìràwọ̀.